Kí alùpùpù yín má baà kùnà níbi àyẹ̀wò ọdọọdún: ibi tí ẹ máa fọwọ́ kàn kí ẹ tó lọ

Máṣìnì ń sáré, ó ń dúró, ẹ gùn ún débi àyẹ̀wò láìsí wàhálà, síbẹ̀ wọ́n dá a padà. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀bù kan ni, tàbí táyà ẹ̀yìn, tàbí bérìn ọrùn (ibi tí hándù ti wọ férémù) tó ń há. Ẹni tó ń gun máṣìnì lójoojúmọ́ kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bíréèkì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka yín náà ń kọ́ bó ṣe máa fà á jìnnà sí i, lójú yín kò sí ohun tó yí padà. Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò gùn ún rí. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa rí.

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò ni kí ẹ ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló máa gbà. Tí ẹ bá rí i pé bérìn kan ti jẹ, ẹ ṣì ní àyè láti wá òmíràn. Òfin orílẹ̀-èdè kan ò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, ṣùgbọ́n ibi tí máṣìnì ti ń kùnà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ẹnì kan tó máa bá yín di máṣìnì mú, tó sì máa dúró lẹ́yìn wo iná. Ẹ má fojú kéré èyí o, ìdajì iṣẹ́ yìí ò ṣeé dá ṣe.
- Ilẹ̀ tó tẹ́jú níwájú ògiri kan
- Tọ́ọ̀ṣì, rúlà, ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, àti gọ́ọ̀jì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà
- Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mu, súkúdíráfà, sáńpépà
- Àkísà mímọ́, kẹrosíìnì díẹ̀, ọ́ìlì ṣéènì
- Ìwé tó bá máṣìnì wá láti ilé iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà àti ìwọ̀n bó ṣe yẹ kí ṣéènì dẹ̀ tó wà. Tó bá ti sọ nù, ẹ wo ara irin tó bo ṣéènì tàbí apá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Wọ́n sábà máa ń lẹ ìwọ̀n náà mọ́ ibẹ̀.
- Bọ́ọ̀bù iná ẹ̀yìn kan àti ti tráfíkétọ̀ kan

Ẹ fọ máṣìnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ́ìlì tó ń jò kì í hàn lábẹ́ ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú omi tagbáratagbára lẹ fi ń fọ̀ ọ́, ẹ má kọjú rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ tàbí ọrùn máṣìnì. Omi á lé gíríìsì jáde nínú bérìn, ẹ ó sì ti fọwọ́ ara yín dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Iná

Ibí ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, torí iná ló rọrùn jù láti tún ṣe, òun náà ló sì máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ ṣíná sí máṣìnì, torí lára àwọn kan, iná iwájú kì í tàn dáadáa bí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́. Kí ẹnì kejì yín dúró lẹ́yìn. Ẹ tan iná kúkúrú, ẹ tan iná gígùn, ẹ tan tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wà lórí iná bíréèkì. Lára ọ̀pọ̀ máṣìnì, bọ́ọ̀bù ẹ̀yìn kan náà ní wáyà tín-ín-rín méjì nínú: ọ̀kan fún iná tó ń tàn ní gbogbo ìgbà, èkejì fún bíréèkì. Ọ̀kan lè já kí èkejì ṣì máa tàn. Ẹ rí pupa lẹ́yìn, ẹ rò pé ó ti parí.

Wọ́n ti dá tèmi padà rí nítorí iná bíréèkì yìí. Mo ti fa bíréèkì ọwọ́ nílé, iná tàn, mo gbéra. Ọkùnrin tó ń ṣàyẹ̀wò fẹsẹ̀ tẹ tẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Súìṣì tẹ̀yìn ní sípíríǹgì kékeré kan, kò nípọn ju gègé inú báírò lọ, òun ló so ó mọ́ pẹ́dàlì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ já, ó ń fì dirodiro lábẹ́ ẹrẹ̀ gbígbẹ, mo sì ti ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹni tó rí iná mi.

Nítorí náà, ẹ dán ti ọwọ́ wò lọ́tọ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ tẹ̀yìn. Iná gbọ́dọ̀ tàn kí bíréèkì tó mú gan-an, kó sì kú bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá pẹ́ kó tó tàn, súìṣì tẹ̀yìn ní nọ́ọ̀tì kan tí ẹ máa yí láti gbé e sókè. Nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ẹ yí, ẹ di súìṣì fúnra rẹ̀ mú. Tó bá bá a yí, wáyà á já.

Tráfíkétọ̀ yẹ kó ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń yára ṣẹ́jú lápá kan, bọ́ọ̀bù kan ti jó lápá ibẹ̀, tàbí ẹnì kan ti fi bọ́ọ̀bù LED rọ́pò láìpààrọ̀ fíláṣà, ìyẹn ohun tó ń mú kí tráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú. Tí iná ẹ̀yìn bá wá ń ṣẹ́jú pọ̀ mọ́ tráfíkétọ̀, ẹ má tíì ra bọ́ọ̀bù kankan. Wáyà tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tó kan ara irin, ló ti ní ìpẹtà. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é padà kó le.

Ó wá ku ibi tí iná iwájú ń kọjú sí. Ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ gbé máṣìnì sí mítà 5 sí ògiri, kí ẹnì kan jókòó lórí rẹ̀ bó ṣe ń jókòó lójú ọ̀nà. Ẹ wọn bí àárín iná iwájú ṣe ga tó láti ilẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí ògiri ní gíga yẹn gan-an. Ẹ tan iná kúkúrú. Orí ìmọ́lẹ̀ náà yẹ kó wà nísàlẹ̀ ilà yín, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Tó bá wà lókè ilà, ojú àwọn tó ń bọ̀ lẹ ń tan iná sí. Síkúrù kan wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń gbé e sókè sódò.

Ìkìlọ̀: bọ́ọ̀bù LED tí wọ́n kàn tì bọ inú ilé iná tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀bù halogen (èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú). Ó funfun, ó mọ́lẹ̀, ó wu ojú, ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri: ìmọ́lẹ̀ náà fọ́nká, kò ní ilà kankan lókè. Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: kí ẹnì kejì jókòó sórí máṣìnì, kó tan gbogbo iná lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ̀yin fi ọwọ́ gbá ilé iná kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Èyí tó bá kú tó tún tàn, ẹnu wáyà rẹ̀ ò mú dáadáa, kò sì ní dúró títí dé ibi àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Táyà àti rímù

Ẹ wọn ìjìnlẹ̀ ojú táyà níbi tó ti jẹ jù. Táyà ẹ̀yìn máṣìnì tó ń rìn lójú ọ̀nà tààrà sábà máa ń jẹ láàárín nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun. Ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò nígbà tí wọ́n bá dúró ti máṣìnì, ni wọ́n ṣe ń sọ pé "táyà mi ṣì dáa". Mílímítà 1.6 ni òfin ń béèrè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Jámánì wà lára wọn. Ní Bìrìtìkó, 1 ló jẹ́ fún alùpùpù tó ju 50 cc lọ. Inú kòtò ojú táyà ní odi kékeré tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán; wọ́n kọ TWI sí ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tó wà. Ẹ má gbọ́kàn lé òun nìkan, torí lára àwọn táyà kan ó kúrú ju ohun tí òfin ní kó kù lọ. Rúlà lẹ máa gbà gbọ́.

Ẹ yí ẹsẹ̀ náà po díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ pa á. Ìṣó, ibi tó wú bí eéwo, ibi tó ya tí okùn inú fi hàn: ọ̀kan nínú wọn tó láti dá yín padà, ó sì tó láti gbé yín ṣubú. Ọfà kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ táyà tó ń sọ ibi tó yẹ kó máa yí sí. Àwọn vọ́kánáísà máa ń dè é sódì nígbà míì. Ẹ wò ó.

Tó bá jẹ́ rímù oní-sípóòkù ni, ẹ fi súkúdíráfà lu sípóòkù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le á dún gan-an, èyí tó ti dẹ̀ á dún bí igi. Lẹ́yìn náà, ẹ di pẹ́ńsù ìkọ̀wé kan mọ́ fọ́ọ̀kì (ọ̀pá méjì tó di ẹsẹ̀ mú níwájú) kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rímù, kí ẹ wá yí ẹsẹ̀. Tí àlàfo náà bá ń pọ̀ tó tún ń dín, rímù ti ṣẹ́po, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nà.

Ìgbésẹ̀ 3: Bíréèkì

Fún ti dísìkì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kálípà, irin tó gbá dísìkì mú. Bí pádì ṣe nípọn tó lẹ ń wò, àmọ́ ẹ má ka irin tó gbé e mọ́ ọn. Àìmọye èèyàn ló ń wo irin náà tí wọ́n ń sọ pé pádì ṣì pọ̀. Tó bá ti ku mílímítà 2, èmi máa ń pààrọ̀ rẹ̀, mi ò ní dúró kí ẹlòmíràn sọ fún mi. Ara dísìkì fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní MIN TH (bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ó kéré tán) pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju nọ́ńbà yẹn lọ.

Ẹ wá fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́ kan hándù, ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Tó bá rọ̀ bíi fóòmù, tó wá ń le bí ẹ ṣe ń fà á léraléra, afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ wà lórí ìdérí àgbá kékeré tó wà lórí hándù, DOT 4 ló pọ̀ jù. Ẹ má ṣe da DOT 5 mọ́ ọn láé. Orúkọ wọn jọra, ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n yàtọ̀. Ẹ sì fi àkísà bo tánkì, torí ọ́ìlì bíréèkì ń jẹ ọ̀dà.

Fún bíréèkì oní-ṣúù, ọ̀pọ̀ ní ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń yí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tí ọfà náà bá ti kọjá àmì tó wà lára pánù (irin róbótó tó bo ẹ̀gbẹ́ bíréèkì), ṣúù ti tán, kò sí iye nọ́ọ̀tì tí ẹ lè fún tó máa dá a padà. Ẹ tún wo irin gbọọrọ tó di pánù náà mọ́ apá ẹ̀yìn. Píìnì kékeré kan máa ń wà nídìí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kó má baà tú. Nígbà tí vọ́kánáísà bá yọ táyà, píìnì yẹn ló máa ń gbàgbé. Tí irin yẹn bá já lórí eré, gbogbo pánù á yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì dúró gbagidi. Níbí, mi ò ní bẹ yín. Ẹ wò ó.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí wọ́n máa fún nọ́ọ̀tì bíréèkì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò kó lè mú ṣinṣin. Ó mú lóòótọ́, kò sì jọ̀wọ́ mọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i: ó gbọ́dọ̀ yí lọ fúnra rẹ̀, kó dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì, kó tún yí fàlàlà bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bọ́ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọrùn, bérìn àti ṣọ́ọ̀kì

Èyí ni àwọn èèyàn kì í ṣe nílé, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kì í sì í fò ó. Ẹ gbé máṣìnì sórí dọ́búlù sítáńdì, kí ẹnì kejì tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú gbéra. Bí kò bá ní dọ́búlù, ẹ fi jáàkì gbé e níbi férémù, kì í ṣe níbi sáyílẹ̀nsà.

Ẹ fi ìka méjì péré di etí hándù mú, kí ẹ yí i jẹ́jẹ́ láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Agbára yín á bo ohun tí ẹ ń wá. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ láìdúró. Tó bá dé àárín gan-an, tó dà bíi pé ó já sínú kòtò kékeré kan tó fẹ́ dúró síbẹ̀, bérìn ọrùn ti jẹ. Ìdí tó fi jẹ́ àárín ni pé ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀lù inú bérìn máa ń wà nígbàkigbà tí táyà bá já sí kòtò lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti gbá ojú irin náà di ihò wẹ́wẹ́. Gíríìsì kì í di ihò. Bí ẹ bá sì fún nọ́ọ̀tì ọrùn, ṣe ló máa há sí i. Bérìn tuntun ni, òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹnì kejì wá fi ìka kan kan ibi tí ọrùn ti wọ férémù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú máṣìnì, ẹ di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú, ẹ fà á, ẹ tì í. Tí ìka rẹ̀ bá gbọ́ "kọ̀", ọrùn ti dẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kí ẹ mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí fọ́ọ̀kì bá dúró jẹ́ẹ́ tí ẹsẹ̀ nìkan ń mì, bérìn ẹsẹ̀ ni. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ìró wọn jọra púpọ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀yìn, kí ẹ tún fa apá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú sí òsì àti ọ̀tún; kò gbọdọ̀ mì rárá.

Fún ṣọ́ọ̀kì iwájú (ohun tó ń gba kòtò mọ́ra, kì í ṣe ti ìkọ̀wé), ẹ nu ọ̀pá tó ń dán yẹn, ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wá fi àkísà mímọ́ nu ún. Kó rí díẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi òróró pa kò burú. Tí ọ́ìlì bá ṣe òrùka tàbí tó ń ṣàn, síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú) ń jò, ó sì lè dé orí dísìkì. Kí ẹ tó ra síìlì, ẹ ṣí rọ́bà tó bò ó lókè, kí ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tì bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, ẹ fà á yípo. Nígbà míì, yanrìn kan ṣoṣo tó há sábẹ́ síìlì ló ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣéènì

Ẹ wọn ìdẹ̀ rẹ̀ láàárín sípúrókẹ́ẹ̀tì méjèèjì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé), lókè sódò. Mílímítà 20 sí 30 ló wọ́pọ̀ fún máṣìnì ojú títì, ti ìgbẹ́ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé máṣìnì yín ló mọ tiyín. Ẹ má wọn ún lójú kan ṣoṣo. Ẹ yí ẹsẹ̀, ẹ wọn ún níbi mẹ́rin, torí ṣéènì kì í jẹ dọ́gba, ibi tó le jù lẹ máa fi ṣe ìwọ̀n. Tí ẹ bá fún un níbi tó dẹ̀, ibi tó le á máa fa bérìn ya.

Kí ẹ wá di ṣéènì mú níbi tó yí sípúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn po, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Tí ìdajì eyín bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ó ti tán. Eyín tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja náà ti tán. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípúrókẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ti àtijọ́ á ba tuntun jẹ́ láìpẹ́. Fún ṣéènì tó ní kílíìpù, ẹ̀yìn kílíìpù tó dì ni kó kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, ẹnu tó là kó wà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fún un, àmì tó wà ní apá ọ̀tún àti ti òsì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹsẹ̀ ti wọ́, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á sì rí i láti ẹ̀yìn kó tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìyókù

Ìwọ̀nyí ò gba àkókò. Ẹ yí ọwọ́ iná (ọwọ́ hándù tí ẹ ń yí kí máṣìnì lè sáré), ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ "pá". Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ yí hándù dé òpin òsì àti ọ̀tún. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ga, wáyà ọwọ́ iná ti há níbì kan. Họ́ọ̀nù kó dún ketekete, kó má kọrin. Orí róbótó tó wà létí líbà bíréèkì kò gbọdọ̀ kán. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, jígí, ìjókòó, ìdérí tánkì: ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Fún sáyílẹ̀nsà, ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná díẹ̀, kó má tíì jó èèyàn. Ẹ fi àkísà nípọn dí ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá èéfín ń sín jáde níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí níbi tó ti ní ìpẹtà. Bí ẹnì kan bá ti yọ ohun inú rẹ̀ kó lè pariwo, ẹ lọ wá a padà.

Nọ́ńbà máṣìnì kó mọ́, kó má tẹ̀, kó má sì sá pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ẹ fi kẹrosíìnì nu nọ́ńbà tó wà lára férémù, kí ẹ fi wé tinú ìwé yín, lẹ́tà kan sí èkejì. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kùn ún mọ́lẹ̀, àyẹ̀wò lè má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ tún fẹ́ táyà wò láàárọ̀ kí ó tó gbóná, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ sì wo iná, ẹ mú bọ́ọ̀bù méjèèjì tí ẹ rà dání. Ẹ mú súkúdíráfà náà dání.

Bí wọ́n bá ṣì dá a padà, ẹ ní kí ẹni náà jọ̀wọ́ fi ibẹ̀ hàn yín, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. "Bérìn iwájú" tí wọ́n kọ sórí ìwé lè jẹ́ ti ẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti ra ọ̀kan, tí wọ́n dè é, tí wọ́n padà lọ, nígbà tó jẹ́ èkejì ló bàjẹ́.